Ìwé Ìṣirò Tí Mi Ò Lè Kà

Mo kàwé dé kíláàsì kẹta ní Òkèhò, kíláàsì kẹta yẹn náà ni mo sì fi di tíṣà ní Kútọnu. Ẹ rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Èmi alára ti rín in kí ẹ tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí mo ṣe kúrò nílé, mọ́tò ni mo wọ̀, ó sì gbé mi dé. Ẹ jẹ́ ká fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo sọ̀kalẹ̀, àti bí mo ṣe yan ìwé ìṣirò fún ọmọ mi lọ́dún tí àwọn ilé ìwé ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ síta.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Kútọnu kì í ṣe èdè. Mo ti mọ̀ kí n tó kúrò nílé pé wọn ò ní í sọ tèmi. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni "kàmáráàdì". Ìjọba Ẹhúzú, ìjọba àyípadà àwọn ṣójà, ló kó o dé. Wọ́n ní gbogbo ènìyàn ti di ẹgbẹ́ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pàtẹ ní ọjà Tọ̀kpá, ọmọbìnrin kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè bí lẹ́ẹ̀mejì dúró gbagidi níwájú mi, ó ní, "Kàmáráàdì, èló ni bọ́tìnnì?" Kò kúnlẹ̀, kò tẹ̀ríba, kò tilẹ̀ dẹ ọrùn. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ló ń bá wí.

Mo ní, "Ọmọ mi, ojúgbà ìyá rẹ ni mí o."

Kò gbọ́ Yorùbá. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ra dọ́sìnnì mẹ́ta, ó sì sanwó láìná ọjà rárá. Bó ṣe sanwó yẹn ni mo bá ara mi sọ ọ́: ká máa jẹ́ kàmáráàdì lọ.

Bọ́tìnnì ni mo ń tà, pẹ̀lú síìpù, òwú ìránṣọ àti rọ́bà ìbàdí. Àwọn télọ̀ ni oníbàárà mi. Ẹ̀dá tó ń jẹ́ télọ̀ yìí, á purọ́ fún ìyàwó ilé, á purọ́ fún ẹni tó ni aṣọ, á sì tún wá purọ́ fún ẹni tó ń ta bọ́tìnnì fún un. Mo gbádùn wọn gan-an ni. Nígbà tí òjò bá kún Tọ̀kpá dé orúnkún, tí gbogbo wa gbé igbá lérí, àwọn náà ló máa ń wọ́ omi wá, tí wọ́n á ní ìgbéyàwó ku ọ̀la, àwọn ò tíì gbé síìpù sí aṣọ ìyàwó.

Ìparí ọ̀sẹ̀ ló máa ń le. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbogbo ará ilé tí mo háyà ní Àkpàkpà á jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn, èmi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, màá máa fi èdè Òkèhò bá ara mi sọ̀rọ̀, kí ahọ́n mi má baà gbàgbé. Ọkọ mi wà ní Gàbọ́ọ̀nù. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń dé nígbà tó bá wu lẹ́tà. Èmi àti Mọ́rẹ̀, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, la jọ wà. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí mo pọ̀n ọ́n dé, òun ló sì padà ń túmọ̀ ìlú fún mi.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò ní irú ọjọ́ Àìkú bẹ́ẹ̀. Nílé, ọmọ agbo ilé lágbájá ni mí, gbogbo ẹni tó bá rí mi mọ ìyá tó bí mi. Mo sọdá ààlà kan, mo bá di Anagó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Gùn àti Fọ̀n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá. Ó dùn mọ́ mi, nítorí wọ́n fi orúkọ yẹn sọ mí di ẹbí àwọn ará Kétu, ará Ṣábẹ̀ àti ará Pobẹ̀ tí mi ò rí rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn Anagó wọ̀nyẹn tí mo la ẹnu, wọ́n á ní, "Háà, ìyá Nàìjíríà nìyí." Tí mo bá sì lọ sílé lọ́dún, àwọn ọmọdé á sáré pàdé mi: "Ìyá Kútọnu dé o!" Ẹ ò rí i pé mo ní orúkọ ju ọba lọ, mi ò sì ní ilé kan tó dá mi lójú.

Ọdún tí mò ń wí yìí, àwọn tíṣà dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò rí owó oṣù gbà fún ìgbà pípẹ́, ebi ò sì mọ kàmáráàdì. Ilé ìwé tì. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ jó. Lẹ́yìn oṣù kan, wọn ò jó mọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ti di ẹran ọ̀sìn tí ẹnì kankan ò so mọ́lẹ̀. Mọ́rẹ̀ wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà, ọmọ tó máa ń gba ipò kejì, ipò kẹta. Mo mú un dání lọ sí ìsọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ju bọ́tìnnì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sínú àwo, mo ní, "Mọ́rẹ̀, pín in sí àpò, méjìlá méjìlá. Àpò mélòó ni ká wá?"

Ó wo àwo. Ó wo òkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka ọwọ́.

Mo ní, "Ìka lò ń kà?"

"Màámi, mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó sọ pé òun gbàgbé agboòrùn sílé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn, ọ́fíìsì yẹn sì ní tẹlifóònù. Lóṣooṣù ni mo máa ń lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Gànhí, màá kọ nọ́ńbà sílẹ̀, màá jókòó títí ọmọbìnrin ẹ̀yìn káńtà á fi pariwo pé, "Kàmáráàdì Ìbàdàn, yàrá kejì!" Èmi á sáré wọnú àpótí onígíláàsì tí tẹlifóònù wà nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ pé ìyá wa ń jẹun dáadáa, pé òrùlé ń jò, pé ta ló kú. Lóṣù yẹn, mo ṣèèṣì sọ ọ̀rọ̀ àwo bọ́tìnnì. Ó yẹ kí n ti gé ahọ́n mi jẹ.

Bọ̀dá ní, "Mo ti sọ fún ọ tipẹ́. Kí ni ọmọ ń ṣe níbi tí wọn ò ti kọ́ ọ níwèé? Gbé e wá fún mi. Àwọn ọmọ tèmi ń lọ sílé ìwé tó dáa."

"Bọ̀dá, òun nìkan ni mo ní níbí."

"Ṣé kó lè máa jókòó tì ọ́ lo ṣe bí i ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ó jọ òótọ́. Mo tiraka, mo bẹ̀bẹ̀, a sì fi àdéhùn sí i: títí ilé ìwé á fi wọlé. Bí wọ́n bá wọlé, tí wọ́n ní kí Mọ́rẹ̀ padà sẹ́yìn kíláàsì kan, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni màá gbé e sí mọ́tò Ìbàdàn. Bí kò bá padà sẹ́yìn, Bọ̀dá ò ní í dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ láé.

Mo ní, "Ó parí."

Mo jáde nínú àpótí onígíláàsì. Mo ti fi ọmọ mi ta tẹ́tẹ́ lórí ìṣirò, èmi tí mo kúrò ní kíláàsì kẹta.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé. Owó àtigba ẹni tí yóò máa wá kọ́ ọ nílé kò sí, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n kọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bàbá Gùn kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà tó ń ta ìwé àlòkù nílẹ̀ lórí tapólì, awò ojú rẹ̀ ní apá kan, ó fi òwú so apá kejì mọ́ etí. Mo ní kó fi ìwé ìṣirò hàn mí. Ó kó mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò lè ka Faransé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í sọ Faransé. Mẹ́jọ tí mo mọ̀ ní Òkèhò náà ni mẹ́jọ tó wà níwájú mi lórí tapólì.

Ìwé kìíní ń dán bí ojú ìyàwó. Wọ́n ya ọkọ̀ ojú irin sí i, wọ́n ya ọmọ òyìnbó tó fi aṣọ wé ọrùn nínú òjò funfun. Mo béèrè iye rẹ̀. Nígbà tí bàbá sọ ọ́, mo rọra gbé e padà sílẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà kó ìdọ̀tí bá a, kí wọ́n má baà ní mo ti rà á.

Ìwé kejì jẹ́ pẹlẹbẹ, pépà rẹ̀ rí bíi ti ìwé ìròyìn. Kò wọ́n rárá. Mo ṣí i, mo rí ìṣirò ìpín ní ojú ewé kan. Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ìpín ti lọ. Mo ṣí i títí dé ìparí, ìpín ò padà wá mọ́. Ìdá náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: ó yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó kí wa, ó wọlé. Mo ní, "Bàbá, ìwé yìí ń sáré. Ta ló ń lé e?"

Ìwé kẹta ti gbó. Èèpo rẹ̀ ti ya kúrò, ẹnì kan sì ti fi òwú dúdú rán ẹ̀yìn rẹ̀, ìránṣọ tó dáa, ojú abẹ́rẹ́ kan lé orí èkejì. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òwú yẹn kí n tó ṣí i. Nígbà tí mo wá ṣí i, mo rí i pé ojú ewé kọ̀ọ̀kan pín sí méjì. Lókè, ohun tuntun díẹ̀. Nísàlẹ̀, ìlà kan gbọọrọ, lábẹ́ ìlà yẹn, oríṣiríṣi ìṣirò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí wọ́n dà pọ̀. Mo mú àmì ìpín kan níbẹ̀rẹ̀ ìwé, mo fi ìka tọ ọ́ lọ. Ojú ewé kẹwàá, ó wà nísàlẹ̀. Ogún, ó wà. Àádọ́ta, ó ṣì wà níbẹ̀, ó jókòó bí olórí ilé. Kò sí ohun tí ìwé yẹn kọ́ ọmọ tó jẹ́ kí ọmọ gbàgbé.

Bàbá rí i pé ojú mi ń tàn. Ó fẹ́ kí n mọ̀ pé òun kì í ṣe oníjìbìtì. Ó ní, "Anagó, ìwé arúgbó ni o. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ ṣáá."

Mo ní, "Bí ìyá mi ṣe rí nìyẹn. Mi ò sì tíì gbàgbé ohun kan tó sọ."

Ìgbà tó dárúkọ owó, mo ti rí i tipẹ́ pé síìpù ṣòkòtò rẹ̀ ti kú, píìnì ló fi há a. Mo bọwọ́ sínú àpò mi. "Bàbá, ẹ gba ìdajì owó, ẹ gba síìpù onírin yìí lé e. Ìwé yín ò tíì tú ìdí sílẹ̀ bíi tiyín."

Ó bojú wo ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé awò ojú rẹ̀ já bọ́. Mo gbé ìwé mi lọ.

Ọ̀sán ni a máa ń ṣe é, nígbà tí oòrùn bá ti lé àwọn oníbàárà wọ abẹ́ ibòji. Mọ́rẹ̀ á ka Faransé, á sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá, á ṣe é sórí síléètì, èmi á fi bọ́tìnnì yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe: a kì í fọwọ́ kan ohun tuntun tó wà lókè ojú ewé ọ̀la bí gbogbo tìsàlẹ̀ òní kò bá pé.

Ó máa ń sunkún. "Màámi, mo ti ṣe irú eléyìí lánàá!"

"O jẹun lánàá bákan náà."

"Mo ṣe é níjẹrin pẹ̀lú!"

"Bóo bá ti wá mọ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó pẹ́ ọ."

Kò sì pẹ́ ẹ. Ní oṣù kejì, ó ti ń ṣe mẹ́wàá ìsàlẹ̀ kí n tó ta òwú méjì. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ìsọ̀ mi ń yọ́ wá wò wá. Ẹ̀mí mi wà lókè, mò ń rìn bí ìyàwó gómìnà. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ti ọmọ mi lọ sí Ìbàdàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kan ni ìwé béèrè pé: télọ̀ kan ra bọ́tìnnì dọ́sìnnì mẹ́rin, ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ń gba bọ́tìnnì mẹ́jọ, ẹ̀wù mélòó ni yóò fi rán? Inú mi dùn. Ìwé ti dé ìsọ̀ mi.

Mọ́rẹ̀ ní, "Mẹ́fà gééré."

Mo ní, "Mẹ́fà, á ṣẹ́ku bọ́tìnnì mẹ́rin."

"Màámi, kò ṣẹ́ku nǹkan kan."

"Èènì rẹ̀ ńkọ́?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti ń ta bọ́tìnnì, mi ò ka méjìlá fún ẹnì kan rí kí n má fi ọ̀kan lé e. Bọ́tìnnì máa ń sọnù. Télọ̀ sì máa ń rántí ẹni tó fi èènì sí i. Mọ́rẹ̀ náà, abẹ́ ìsọ̀ yẹn ló ti dàgbà. Ó gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Áà! Mo gbàgbé èènì!" Ó pa mẹ́fà gééré rẹ́, ó kọ ọ́ bí mo ṣe wí.

Láti ọjọ́ yẹn, dọ́sìnnì kan di mẹ́tàlá nínú ìwé wa. Wọ́n ra ọsàn, a fi èènì sí i. Wọ́n ra ẹyin, a fi èènì sí i. Obìnrin kan ra aṣọ mítà mẹ́wàá, a jọ ronú sí i, a sì gbà pé ìdajì mítà ló bójú mu. Inú wa ń dùn ṣáá.

Tíṣà kan ló tú wa fó. Anagó Pobẹ̀ ni, inú ilé kan náà la jọ ń gbé, ó sì ń kọ́ni níléèwé kan kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gbọ́ pé ó ń kọ́ ọmọ ẹnì kan, wàhálà ni. Nítorí náà, bọ́tìnnì ló máa ń wá rà. Ọ̀kan. Dúdú. Ó ti ra bọ́tìnnì dúdú lọ́wọ́ mi tó ọjọ́ mẹ́wàá léraléra, á ra ọ̀kan, á yọjú wo síléètì, á mi orí, á lọ.

Lọ́jọ́ yẹn, kò lọ.

"Ìyá Mọ́rẹ̀, ẹ má bi mí ní nǹkan kan o, mo wà nínú ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọmọ yìí ní eléyìí?"

"Èmi ni." Mo na ọrùn.

"Dọ́sìnnì mẹ́rin, mélòó ni?"

"Méjìdínláàádọ́ta. Èènì mẹ́rin wà lórí rẹ̀."

Ó yí síléètì padà, ó gba ìwé tí Mọ́rẹ̀ ń da ìdáhùn kọ sí, ó ń ṣí i lọ: ọsàn, ẹyin, aṣọ. Ó wá jókòó lórí páálí òwú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀, títí àwọn ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ fi sáré wá wò ó bóyá ara rẹ̀ ò yá.

Mo bínú. "Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín? Ẹni tó kọ ìwé náà ni kẹ́ ẹ fi ṣẹ̀sín, ahun gbáà! Kó wá sí Tọ̀kpá kó wá ta dọ́sìnnì láìsí èènì, ká wo ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

"Ìyá Mọ́rẹ̀, àwọn tó ń kọ ìwé kì í tajà."

"Ó hàn lára wọn!"

Ó nu ojú rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti lọ. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dán an wò, kò sí ẹni tó máa bi í nípa èènì. Òdo ni wọ́n á fún un, wọ́n á sì dá a padà sẹ́yìn. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ta bọ́tìnnì kan fún mi."

Mo ta á fún un. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo wo Mọ́rẹ̀ tó ń to òwú aláwọ̀ mèremère lẹ́sẹẹsẹ, ó ń kọrin, mo sì rò ó pé ohun tí ìyá lè fi ba ọmọ jẹ́ pọ̀ o, ṣùgbọ́n ta ló ti fi ọ̀làwọ́ bà á jẹ́ rí? Èmi nìkan.

A wá jọ jókòó. Mo ní, "Mọ́rẹ̀, gbọ́. Lọ́jà, èènì wà. Nínú ìwé, kò sí. Àwọn ènìyàn inú ìwé ò mọ ara wọn."

"Kò sí ẹni tó mọ ẹnì kan níbẹ̀?"

"Ẹnì kankan. Wọ́n kàn ń ra nǹkan lọ ni."

Àánú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ra, ọjọ́ kan ò lè tú u. Lọ́jọ́ kejì, dọ́sìnnì tún yọjú nísàlẹ̀ ìwé, ó tún kọ mẹ́tàlá. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, dọ́sìnnì padà wá, ó kọ mẹ́tàlá, ó rí i fúnra rẹ̀, ó pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí síléètì kó tó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé arúgbó yẹn ń gbé e padà wá ṣáá, kò bínú, kò pariwo, títí méjìlá fi di méjìlá. Ká ní ìwé tó ń sáré yẹn ni mo rà nítorí pé kò wọ́n, àṣìṣe mi ì bá wọlé lẹ́ẹ̀kan, ì bá jókòó síbẹ̀ títí ayé, kò sì sí ohun tí yóò padà wá lé e jáde. Mo ti ra ọjà tó pọ̀ láyé mi, mi ò ra èyí tó tó o rí.

Ilé ìwé wọlé. Wọ́n pe gbogbo àwọn òbí, wọ́n ní àwọn ọmọ ti gbàgbé nǹkan, àwọn á dán wọn wò kí wọ́n tó mọ kíláàsì tí kálukú yóò jókòó sí. Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi ò pàtẹ. Mo dúró lẹ́yìn ọgbà pẹ̀lú àwọn ìyá yòókù, gbogbo wa di igi ọgbà mú bí ẹni tó wá wo ẹlẹ́wọ̀n.

Mọ́rẹ̀ jáde. Mo ní, "Wọ́n béèrè dọ́sìnnì?"

"Wọ́n béèrè. Ẹyin dọ́sìnnì méje, márùn-ún fọ́."

Mo ní, "O fi èènì sí i?"

Ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Mọ́rẹ̀!"

"Mo kọ mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo wá wo ojú tíṣà tó dúró tì wá. Kò mọ ẹnì kan nínú wa. Mo rántí pé inú ìwé ni mo wà. Mo pa á rẹ́. Mo kọ mọ́kàndínlọ́gọ́rin."

Mo fẹ́ gbá a mọ́ra, mo sì fẹ́ gbá a létí. Èyí àkọ́kọ́ ni mo ṣe.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ògiri. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ mi, mi ò nílò ẹni tó máa kà á fún mi. Ìwé àwọn tó ń padà sẹ́yìn gùn, ó gba ògiri kan tán. Mo wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò sí. Ìwé kejì, ti àwọn tí kò padà sẹ́yìn, kúrú. Orúkọ Mọ́rẹ̀ ló wà ní ìkẹta láti òkè.

Dìrẹ́kìtọ̀, olórí ilé ìwé, dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bi Mọ́rẹ̀ pé ta ló kọ́ ọ nílé. Mọ́rẹ̀ nawọ́ sí mi. Ọkùnrin náà wò mí láti ìró dé gèlè, ó wo abẹ́rẹ́ méjì tí mo gún mọ́ bùbá mi, ó wá sọ Faransé tó gùn bí ọ̀nà Ṣábẹ̀.

Mo ní, "Kí ló wí?"

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́."

"Gbogbo èyí? Ó ní mo kú iṣẹ́?"

"Ó ní ẹ kú iṣẹ́ gan-an."

Títí di òní, mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Mo gba èyí tí ọmọ mi fún mi.

Ọ̀sán yẹn náà la gba Gànhí lọ. Wọ́n pariwo Ìbàdàn, àwa méjèèjì há ara wa mọ́ inú àpótí onígíláàsì.

"Bọ̀dá, kò padà sẹ́yìn o."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ògiri ilé ìwé ló sọ ọ́."

Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi, kì í gba nǹkan gbọ́ tí kò bá fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Gbé tẹlifóònù fún un. Mọ́rẹ̀! Mẹ́tàdínlógún lọ́nà mọ́kàndínlógún, mélòó ni?"

Mọ́rẹ̀ wo òkè àpótí, ẹnu rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. "Ọ̀ọ́dúnrún lé mẹ́tàlélógún, Bọ̀dá."

"Ìwọ, ta ló ń sọ ọ́ fún ọ?"

"Kò sí o. Mo ṣe ogún mẹ́tàdínlógún, mo yọ mẹ́tàdínlógún kan kúrò."

Mo gba tẹlifóònù. Ìró pépà ni mo ń gbọ́ níbẹ̀.

"Bọ̀dá? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Dúró. Dúró ná, mò ń ṣe é lọ́wọ́."

"Owó tẹlifóònù ń lọ o."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ó dáa, jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ rẹ. Mi ò ní í dá a sílẹ̀ mọ́."

Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀ nínú àpótí yẹn bí ẹni pé ó ń wò mí láti Ìbàdàn, orúnkún mi gbá gíláàsì. Nígbà tí a jáde, Mọ́rẹ̀ fà mí ní ìró.

"Màámi, Bọ̀dá Ìbàdàn ò tíì rí ìdáhùn yẹn o. Wọ́n kàn gbà ni."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi láàárín ilé ìfìwéránṣẹ́, gbogbo kàmáráàdì tó ń dúró yí ojú padà. Mo ní, "Mo mọ̀. Pa ẹnu mọ́. Àgbà ni wọ́n, á padà yé wọn."